Ohùn Tó Wọlé Kẹ́yìn

A kì í sọ̀rọ̀ ní yàrá ìyá wa. Láràárọ̀, a ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí wọn, a ó sì panu mọ́. Ògiri wọn ń gbohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọlé kẹ́yìn nìkan ló ń dá padà. Kì í bojú wẹ̀yìn: bí ohùn tuntun bá wọlé, ti tẹ́lẹ̀ parẹ́ nìyẹn. Ìyá á fọwọ́ kàn án, ohùn bàbá wa tó ti kú á jáde: "Àwẹ̀ró, ṣé o jíire?"

Mo kìlọ̀ fún Mọrẹ́nikẹ́, ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Bí orúnkún rẹ̀ ṣe kanlẹ̀ ló ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ìyá sáré fọwọ́ kan ògiri.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ògiri wí.

Mọrẹ́nikẹ́ bú sẹ́kún. Ìyá wò ó títí, wọ́n fà á dìde.

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Ṣé o jíire?"