Oṣù Karùn-ún Ló Tó Wá

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Ìkẹ́olúwa máa ń ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Gbági, níbi tó ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ, á wọ takisí máíkírà dé Bẹẹrẹ, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kíliníìkì aboyún kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ. Nígbà tó bá fi máa dé, wọ́n á ti wọn ìwọ̀n àwọn tó tètè dé tán, orin ni wọ́n á máa kọ. Ó mọ gbogbo orin náà. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, á gbé báàgì lé itan.

Nọ́ọ̀sì Bertha ló máa ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ yìí, ó fi ìka méjì mú hóró oògùn fólíìkì kan, ó gbé e sókè.

"Ẹ jẹ́ n tún un sọ. Kí oyún tó dúró rárá ló ti yẹ ká máa lo oògùn kékeré yìí. Oṣù kìíní ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ àti ọpọlọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí ikùn bá yọ, iṣẹ́ ti jìnnà kó tó dé. Kẹ́ ẹ sì máa jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ máa mu ọsàn. Bí irin ṣe ń dógùn-ún, ara náà ń dógùn-ún. Ẹ̀fọ́ àti èso ló ń bá wa dá a dúró."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá wí, nítorí ní Bẹ́yẹrúnkà àti Ọjà'ba, a kì í kéde oyún. Ikùn ni yóò sọ ara rẹ̀. Ìyá ọkọ Ìkẹ́olúwa, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá tètè fẹnu sọ ọ́, ayé á gbọ́. Ìkẹ́olúwa gbà. Bùbá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló wọ̀ lọ sí ọjà, kò sì sọ fún ẹnì kankan àfi Ezekiel, ọkọ rẹ̀. Oṣù karùn-ún ló tó lọ gba káàdì.

Precious, ọmọbìnrin tó jókòó tì í, fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ.

"Àǹtí, ṣé àkọ́bí lẹ̀yin náà fẹ́ bí ni?"

"Ọ̀kan ṣoṣo náà ni."

"Ẹ ò tiẹ̀ fi píìnì há aṣọ. Ẹ sì mọ̀ pé aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan láìní nǹkan lára. Ẹ gba ọ̀kan nínú tèmi."

Ìkẹ́olúwa dúpẹ́. Ó jù ú sínú báàgì, ó nawọ́ sókè, ó sì dìde.

"Nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá jẹ́ pé oṣù karùn-ún ló tó wá ńkọ́?"

"Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé ọmọ ẹ̀ á sọ̀rọ̀?"

Àwọn tó wà níwájú yíjú wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn nípa ọ́tísíìmù, ti àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn kì í sọ̀rọ̀, tí wọn kì í sì í wo ojú ẹni.

"Wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀," Nọ́ọ̀sì Bertha dáhùn. "Àwọn kan ní tí èèyàn bá tètè lo fólíìkì, ó lè dín in kù. Ṣùgbọ́n ìyá kan lò ó pé pérépéré, ọmọ ẹ̀ ní in. Òmíràn ò rí i lò rárá, ọmọ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Kò sẹ́ni tó lè nàka sí oṣù mẹ́rin yẹn pé òun ló fà á."

"Ṣé ẹ lè sọ pé kì í ṣe òun?"

Nọ́ọ̀sì gbé hóró fólíìkì náà sílẹ̀. "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ náà."

Ìkẹ́olúwa jókòó. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ohun tó béèrè ni bóyá èébì lè gbé oògùn jáde. Ní èyí tó ṣáájú rẹ̀, bóyá àgbo lè bà á jẹ́. Kíliníìkì kẹta tó ti lọ nìyí. Ní ti Oríta-mẹ́rin, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn aboyún tò fún àyẹ̀wò, ó dìde, ó jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Màmúdù tó ń ta mínírà lẹ́nu géètì ti di ìdérí ìgò sínú ọ̀rá dè é. Ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Bertha bá a níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ dúró ná. Ẹ ò gun òṣùwọ̀n rí níbí, ẹ ò sì gba oògùn rí. Ẹ̀rù ń bà yín jù. Ọmọ tí ò tíì dé, ẹ ti ń sunkún ẹ̀. Ẹ mú káàdì yín wá, kí n fún yín ní fólíìkì."

Ìkẹ́olúwa tú báàgì, ó yọ káàdì kan jáde láti inú ọ̀rá tó fi wé e. Páálí rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ sì ti gbó. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó yí i padà, ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó pé ọdún mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá," Ìkẹ́olúwa wí, ó sì gbé ọ̀rá ìdérí ìgò náà sókè kí nọ́ọ̀sì lè rí i, "èyí ló máa ń tò sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì tíì pè mí ní màmá rí."