Wàláà Tí Abdulqowiyy Pè Ní Ayédèrú

Ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó ń kàwé lórí fóònù.

1. Abdulqowiyy, ọmọ ilé alfa kan ní Ìwó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan lórí fóònù. Òkè òkun ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń dá iṣẹ́ ọnà àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹ̀kọ́ dáadáa ni o! Àmọ́ oṣù méjì péré, ọ̀gá ti dé. Ó ra awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì fi ń yẹ gbogbo ilé wò, títí kan àwo tí wọ́n fi gbé ẹ̀bà fún un.

2. Wàláà kan wà nílé wọn, pátákó tí bàbá Ìyá Àgbà Ṣẹ̀fíátù fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwó ní kéwú. Àwọn kan tó fẹ́ ṣàfihàn ohun àtijọ́ ní Òṣogbo ní kí wọ́n gbé e wá. Inú Ìyá Àgbà dùn, wọ́n ra bàtà tuntun de ọjọ́ náà.

"Wọn yóò pe orúkọ bàbá mi lójú ayé mi!"

Abdulqowiyy gbé awò rẹ̀ lé wàláà. Tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi kọ̀wé sára rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan.

"Ayédèrú ni!"

Kareemah, àbúrò rẹ̀, ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bi Ìyá Àgbà léèrè ná."

"Kí ni Ìyá Àgbà mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì?"

Ó kọ̀wé sí àwọn ará Òṣogbo. Ó tún fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀.

3. Òṣogbo yọ wàláà kúrò. Olùkọ́ sì fún Abdulqowiyy ní òdo. "Tàdáwà nìkan lo yẹ̀ wò. Igi ńkọ́? Ṣé o béèrè bí àwọn tó ni ín ṣe ń lò ó?"

Ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Abdulqowiyy, lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ bá ti fẹ́ wọlé, ta ló ń fọ wàláà yìí, tó ń tún un kọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà."

"Lọ́dún tó kọjá, ta ló pọn omi tí mo fi fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi ojú náà.

4. Ó kọ̀wé mìíràn. Òṣogbo ní àyè ti kún, ó di ọdún méjì sí i. Ìyá Àgbà sì ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

"Màá dúró," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni kí o máa bá mi nu bàtà náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀."

Ó ń nù ún títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kàwé o, ẹ kà á dáadáa. Àmọ́ kí ẹ tó pe ohun ilé yín ní ayédèrú, ẹ bi àgbà tó ń lò ó. Ẹ sì bá wa ṣàdúrà fún Ìyá Àgbà, kí bàtà yẹn dé Òṣogbo.