Àrínọlá àti Ìwé Ìbí Màmá Nọ́ọ̀sì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí n má baà pariwo. Ní Ìkirun ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àrínọlá. Orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń dúró. Oúnjẹ kò ní tíì hó tí yóò ti ṣí ìkòkò wò lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, ló ń gbé. Ọdún méjìdínlógójì ni Màmá fi gbẹ̀bí nílùú náà. Gbogbo ọmọ tó gbà ló kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè mọ ọjọ́ ìbí wọn. Nígbà tí ikán ń jẹ ìwé náà lọ, Màmá tẹ èyí tó kù sínú kọ̀ǹpútà. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, oṣù mẹ́jọ gbáko ló gbà á. Ikán sì jẹ ìyókù ìwé náà tán.

Àwọn méjèèjì ló jọ ń lo kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Àrínọlá ti ṣe é kó ní ètò méjì nínú, bí ilé oníyàrá méjì: Windows ni ti Màmá, Linux ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ láti inú ọ̀kan sí èkejì gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ náà, kó tún un tàn. Àmọ́ Màmá kì í pa tirẹ̀ tán pátápátá. Ṣe ló máa ń jẹ́ kó sùn, kó lè bá ìwé rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Pípa àti títàn yìí sú Àrínọlá. Ó wá kọ́ ọgbọ́n kan tí yóò fi máa ṣí Windows Màmá láti inú Linux tirẹ̀, bí ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn. Ọgbọ́n gidi ni, èmi ò bú u. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkìlọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ pé Windows Màmá ṣì ń sùn, kó lọ pa á tán dáadáa kó tó wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìyẹn ìbá gbà. Ẹ̀dà ìwé ìbí náà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe pamọ́ pàápàá, ó ní yóò pẹ́. Ó fipá wọlé. Windows ta jí, ohun tó rántí kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́, gbogbo rẹ̀ sì dàrú. Nígbà tí Àrínọlá ṣí ìwé ìbí náà, àmì játijàti ló kún inú rẹ̀. Ó gbìyànjú títí, kò rí orúkọ ẹyọ kan gbà padà.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ba ìwé yín jẹ́. Kò sí mọ́.”

Màmá gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó dùn ún, n kò ní parọ́ fún yín. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọ náà mọ́ra.

“Lọ mú bírò wá. Èyí tí mo bá ṣì rántí, a ó kọ ọ́. Tìrẹ la ó kọ́kọ́ kọ. Ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ fi rọbí. Wọ́n ní kí n fà ọ́ jáde, pé ó ti pẹ́ jù. Mo dẹtí sí ọkàn rẹ, ó ń lù dáadáa. Mo di ọwọ́ ìyá rẹ mú, mo ní a ó dúró. Ká ní mo kánjú lọ́jọ́ náà, ta ni ìbá ba ìwé mi jẹ́ lónìí?”

Màmá rẹ́rìn-ín. Àrínọlá ò lè kọ nǹkan kan, ẹkún ló ń sun.

Odindi ọdún kan ló fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń jókòó ti àwọn ìyá àgbà títí wọn yóò fi rántí. Ó kọ́ bí a ṣe ń dúró. Síbẹ̀, ìdajì orúkọ náà ni wọ́n rí kó jọ. Àwọn kan wà ní Ìkirun lónìí tí wọn kò ní mọ ọjọ́ ìbí wọn láéláé, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára kí ẹ gbọ́n, kí ọwọ́ yín sì yá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró díẹ̀, ẹ dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.