Òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́

"Ejò lọ́wọ́ nínú," ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Ṣakí lẹ́yìn odi ń wí bí wọ́n ṣe ń jáde ní kóòtù. "Hóró tramadol mẹ́wàá, ọdún márùn-ún. Ẹni tí wọ́n ká ogún páálí mọ́ lọ́wọ́, oṣù mẹ́fà péré. Adájọ́ yẹn ti jẹ rìbá."

Fàwàsíyà àbúrò rẹ̀ ni ìyá ọmọ tó gba ọdún márùn-ún. Ó ti bẹ alága kó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọmọ náà. Alága ní ẹgbẹ́ kì í dúró fún ẹni tó ń ta oògùn olóró.

Lọ́yà wọn bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Lẹ́tà ló gba onípáálí yẹn là. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọlúàbí ni, pé gbogbo ará ìlú rẹ̀ dúró fún un."

"Ta ló fọwọ́ sí irú irọ́ bẹ́ẹ̀?"

Lọ́yà na ẹ̀dà ìwé náà sí i. Alága ò lè ka Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó rántí ọkùnrin kan tó gbé obì láti Anyama wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó ní kó bá òun tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé Faransé kan, pé ìwé ìgbélùú lòun fẹ́ fi gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni?" Fàwàsíyà bi í.

Alága rọra fọwọ́ bo àpò dàńṣíkí rẹ̀, níbi tí òǹtẹ̀ náà wà.