Labalábá Méjì Olùkọ́ Ṣóbándé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ní Abẹ́òkúta, láyé ìgbà tí Ọbabìnrin Fìtóríà ń jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ ilé ìwé kan wà tó ń jẹ́ Jòsáyà Ṣóbándé. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: bó bá ti sọ pé báyìí lọ̀rọ̀ rí, kò sí ẹni tó lè yí i lérò padà. Ẹfúnbọ́lá ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọkọ òun bá pe ewúrẹ́ ní àgùntàn, ewúrẹ́ ọ̀hún ni yóò lọ wá irun àgùntàn bora.

Lẹ́yìn Bíbélì, ohun tí olùkọ́ yìí fẹ́ràn jù ni labalábá. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Ọ̀gbẹ́ni Bátìnì, ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwádìí kòkòrò. Wọn kò fojú kan ara wọn rí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣọ̀rẹ́. Ṣóbándé á mú labalábá, á fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ inú àpótí pẹlẹbẹ, á kọ ọjọ́ tó mú un àti ibi tó ti rí i. Ọkọ̀ àjẹ̀ á gbé e gba odò Ògùn lọ sí Èkó, kí ọkọ̀ ńlá tó gbé e sọdá òkun. Kí èsì tó dé, ó tó oṣù mẹ́ta.

Àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú ẹ̀dá tuntun ni orúkọ rẹ̀ máa ń wọ inú ìwé ẹgbẹ́ wọn. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni Bátìnì ti mọ labalábá kan láti ọ̀dọ̀ Ṣóbándé, èyí tó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, tó sì ní ìrù. Lọ́jọ́ kan Ṣóbándé mú òmíràn, dúdú tó ní àmì funfun, tí kò nírù rárá. Ó kọ̀wé kíá: “Irú tuntun nìyí. Mo fọwọ́ sọ̀yà.”

Èsì dé pé ẹgbẹ́ ti gbà, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Inú Ṣóbándé dùn dọ́ba. Ẹni tó wá tọrọ iná lásán kò lè lọ láìgbọ́ ìtàn ìwé náà.

Kò tíì tó oṣù kan sígbà náà tí Ẹfúnbọ́lá fi pè é láti ẹ̀yìnkùlé. “Bàbá Rèbékà, ẹ wá wo ohun tí igi ọsàn mi bí!”

Obìnrin náà ti rí labalábá dúdú kan tó ń yé ẹyin sórí ewé ọsàn kékeré rẹ̀. Dípò kó pa á, ó fi aṣọ àlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo igi náà, ó fẹ́ mọ ohun tí ẹyin yóò dà. Ẹyin di kòkòrò, kòkòrò jẹ ewé yó, ó sùn sínú èèpo. Nígbà tó ṣí aṣọ, labalábá márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta dúdú, wọn kò nírù. Méjì pupa rúsúrúsú, wọ́n nírù.

“Kò ṣeé ṣe,” ni Ṣóbándé wí. “Irú méjì ni wọ́n. Kí lo mọ̀ nípa labalábá?”

“N kò mọ Látìnì tí ẹ fi ń sọ wọ́n lórúkọ,” ni ìyàwó rẹ̀ fèsì, “ṣùgbọ́n mo mọ ìyá tó bímọ lẹ́yìnkùlé mi. Akọ àti abo ni wọ́n. Ṣé àkùkọ àti àgbébọ̀ jọra ni?”

Ṣóbándé jókòó sórí odó. Ó rò ó pé ta ni yóò mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù? Igi ọsàn kò sáà mọ lẹ́tà kọ.

Ẹfúnbọ́lá mọ ohun tó ń rò. Ó rọra ní, “Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.”

Ó dun Ṣóbándé wọnú egungun. Síbẹ̀, ó mú kálámù: “Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣìṣe. Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò.” Ó kọ gbogbo ohun tí obìnrin náà rí, ó fi akọ kan àti abo kan sí i, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé etí odò kí ọkọ̀ tó lọ.

Àwọn tó ti gbọ́ ìfọ́nnu rẹ̀ ń bi í pé, “Olùkọ́, ìwé ńkọ́?” Ó ń dá wọn lóhùn pé, “Mo ṣìṣe ni o.” Nígbà àkọ́kọ́, ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a kò fọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i.

Oṣù mẹ́ta pé, lẹ́tà dé. “Ọ̀rẹ́ mi,” ni Ọ̀gbẹ́ni Bátìnì kọ, “nígbà tí mo ka ìwé yín tán, mo yẹ àpótí tèmi wò. Mo bá tọkọtaya labalábá mìíràn níbẹ̀ tí mo ti yà sọ́tọ̀ bí irú méjì láti ọdún mọ́kànlá! Mo kà á fún ẹgbẹ́, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń rí irú tuntun pọ̀ láàrin wa. Ẹni tó tọ́ labalábá láti inú ẹyin, tó sì jẹ́wọ́ àṣìṣe, ó ṣọ̀wọ́n. Àwa yóò tẹ ìwádìí yín jáde, orúkọ yín méjèèjì yóò sì wà lórí rẹ̀.”

Ẹ̀dà ojú ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ wà nínú àpò lẹ́tà náà. Ṣóbándé nàka sí orúkọ méjì.

“Ta ló ṣáájú níbẹ̀?” ni Ẹfúnbọ́lá béèrè.

“Ìwọ ni, Ìyá Rèbékà. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fa ọkọ rẹ̀ dìde, àwọn méjèèjì sì jó yí ẹ̀yìnkùlé ká títí adìyẹ fi sá fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá lè sọ pé “mo ṣìṣe” kò tíì ṣìnà. Ẹ máa tẹ́tí sí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí nǹkan, ì báà má mọ̀wé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.