Kí Wọ́n Má Tan Iná Pápá Bàálù

"A ò fẹ́ bàálù òru!"

Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ohùn Keziah ló ròkè jù.

Òṣìṣẹ́ pápá bàálù ń fara balẹ̀ ṣàlàyé. Kò sí iná lójú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, ìdí nìyẹn tí bàálù tó kẹ́yìn fi ń gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá to iná sí i lọ́tùn-ún lósì, awakọ̀ á máa rí ilẹ̀ lóru.

"Ariwo ńkọ́?" Keziah bi í.

"Ìyá, ọ̀nà oko la ó máa gbé e gbà. Kò ní kọjá lórí ilé yín."

Àwọn ará Ọ̀pin pàtẹ́wọ́. Keziah kò pa tiẹ̀.

"Adìyẹ mi ò ní yé mọ́!"

Lazarus, aládùúgbò rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ebenezer, adìyẹ wo? Ṣebí ẹ ti pa gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yín nígbà tó wá síbi ìsìnkú lóṣù tó kọjá! Àbí bàálù gba ọkọ yín ni?"

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí fóònù Keziah dún. Joy, ìyàwó Ebenezer, ló ń pè láti Èkó.

"Mọ́mì, ẹ bá mi yọ̀! Tí bàálù òru bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi á máa tibi ìsìnkú padà wá sùn sílé lọ́jọ́ kan náà!"

Keziah gbé fóònù jáde síta.

"Joy, ojoojúmọ́ lò ń gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá rí bàálù padà nìkan ni ọmọ mi ń sùn nílé mi."