Ẹ̀gbọ́n Ò Ka Ìwé Náà, Ó Ní Kí Wọ́n Kà Á Fún Ìyá

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ ka ìwé yìí, àbí ẹ ò kà á?”

Àbúrò ló ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀, níwájú tábìlì tí ẹ̀gbọ́n ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Ó ti gbé ìwé náà lé orí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ẹ̀gbọ́n ò gbójú sókè. Ó ní òun kà á.

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Ó dáa. Kí ló ṣe ọmọ inú ẹ̀?”

Ooru ń rú jáde lára áyọ́ọ̀nù, ó bo ojú ẹ̀gbọ́n. Ó na ọwọ́ mú aṣọ mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ fò lọ sísàlẹ̀. Irú ìyẹn gan-an ló dá wàhálà yìí sílẹ̀.

1.

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìwé, lórí fóònù. Àbúrò ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ò rí ara wọn rí. Ọ̀rọ̀ tútù ni wọ́n máa ń sọ: ta ló ń kàwé nínú bọ́ọ̀sì, ta ló máa ń gbóòórùn ìwé kó tó ṣí i, ta ló ti sùn lọ sórí ìwé títí ojú ewé fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, kálukú á sọ iye ìwé tó parí. Ti alágbàfọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Wọ́n wá ń pè é ní Ìyá Ìwé.

Irọ́ ni. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló ń kà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Ìyókù, ẹnu àwọn ẹlòmíì ló ti ń ṣà á. Tó bá ń lọ aṣọ, tí ooru ń rú sí i lójú, á máa ronú ìwé tí kò kà, á máa dùn mọ́ ọn bí àlá, títí òun fúnra ẹ̀ á fi gbà pé òun kà á.

2.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá wọn. Ojú ìyá ti ń ṣú, kò lè ríwèé kà mọ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, odò gbé àbíkẹ́yìn ẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn lẹnu ìyá ti pa dé. “Mo gbọ́” àti “ó tó”, kò ju ìyẹn lọ.

Àbúrò ló ń bá ìyá gbé. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, á jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á máa kàwé sí ìyá létí. Oòrùn á gba inú kọ́tìnnì wọlé, á máa rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, ìyá lanu: “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” Díẹ̀ ló kù kí ìwé bọ́ lọ́wọ́ àbúrò. Láti ọjọ́ náà, ìyá ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn èèyàn inú ìwé jà, ó tiẹ̀ bú ọkùnrin kan níbẹ̀ pé ahun ni.

Nígbà tí ìwé yẹn tán, àbúrò béèrè òmíràn nínú ẹgbẹ́. Ó ní ìwé jẹ́jẹ́ lòun ń wá, tóun máa kà fún àgbàlagbà. Kó má ní ikú nínú. Kó má ní omi tó ń gbé èèyàn lọ.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí Ìyá Ìwé fi dáhùn. Ó dárúkọ ìwé kan tí wọ́n ya ilé funfun létí adágún sí lára èèpo ẹ̀. Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, omi inú ẹ̀ kì í ṣe omi wàhálà, ṣe ló máa ń múni sùn. Káfíńtà kan nínú ẹgbẹ́ rọra sọ pé òun ṣì wà láàárín ìwé náà, ṣé ìparí ẹ̀ dá a lójú? Ìyá Ìwé ní kí káfíńtà lọ máa gbẹ́ igi ẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àbúrò ò yẹ ìwé náà wò kó tó kà á fún ìyá. Ẹ̀gbọ́n òun ló sọ̀rọ̀, ó sì mọ ibi tó ń dun ìyá àwọn.

3.

Ọjọ́ márùn-ún ni ìwé yẹn fi dùn. Ìyá á dijú, á ní òun ń gbọ́ koríko tó ń mì létí adágún. Ó ní kí àbúrò rọra ṣí ilẹ̀kùn ilé funfun náà, àwọn tó wà níbẹ̀ ń sùn. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹnu àbúrò ṣáájú ojú ẹ̀. Ó ti kà á jáde kó tó mọ ohun tó ń kà. Ọmọ inú ìwé náà jábọ́ látinú ọkọ̀ ojú omi. Omi bò ó.

Ìyá gbọ́wọ́ sókè. “Ó tó.” Ó kọjú sí ògiri.

Ohun tó gbé àbúrò lọ síwájú tábìlì aṣọ lílọ̀ nìyẹn.

4.

Ẹ̀gbọ́n sáré lọ bẹ ìyá. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Ìyá di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó bi í jẹ́jẹ́: “Ìwọ tó o ti kà á, ṣé wọ́n rí ọmọ náà fà jáde?”

Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Ó ṣáà ní, “Wọ́n fà á jáde, màámi.”

“Ta ló fà á?”

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó nínú ìwé ná.” Ìyá fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ̀gbọ́n tó wá ka ìwé náà dópin, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ewé méjì péré sí ibi tí àbúrò dé, ìyá ọmọ náà ló bẹ́ sínú omi, ló fà á jáde láàyè. Ẹ̀gbọ́n sáré padà lọ, ó ka ibẹ̀ sókè ketekete, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Ìyá ò yíjú. Ó ti bá irọ́ lẹ́nu ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, òótọ́ ò wá rí ibi wọlé mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, tí wọ́n bá bi yín nípa ìwé tẹ́ ò kà, ẹ sọ pé ẹ ò kà á. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má jẹ́ èèyàn. Ẹ ò mọ ẹni tó dùbúlẹ̀ síbì kan, tó ń fetí sí ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kà fún un.

Ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ṣì ń yìn ín. Àbúrò ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ìyá ni kò sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ìwé kankan. Òun tí kò parọ́ fẹ́nì kankan, òun ló jìyà ẹ̀.